Ẹ̀rọ tí ń wọn òwú lórí ẹ̀rọ ìkórè: máàpù rẹ̀ dára, ẹ ṣọ́ra fún kìlò rẹ̀

Ohun méjì ló ń mú àgbẹ̀ ra ẹ̀rọ yìí: kó mọ kìlò òwú tó jáde lóko, kó sì rí máàpù tó ń fi ibi tó so dáadáa hàn yàtọ̀ sí ibi tí kò so. Máàpù ló ṣeé fọkàn tán jù. Kìlò tó ń kọ sójú síkírìnì kò tíì ṣeé gbà gbọ́ àfi tí a bá gbé òwú lé òṣùwọ̀n.

Irú èyí tó ń lo ìmọ́lẹ̀ là ń sọ. Ara páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbé òwú gbà ni wọ́n ń dè é mọ́: apá kan ń tanná, èkejì tó dojú kọ ọ́ ń gba ìmọ́lẹ̀ náà. Bí òwú bá ṣe dí ìmọ́lẹ̀ tó ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń wọlé, torí eruku àti oje ewé tútù náà ń dí ìmọ́lẹ̀. Bí ewé kò bá tíì wọ́ tán kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa nu gíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́; bí oko bá gbẹ, àràárọ̀ tó. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì ná, kí ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Irú èyí tó ń lo máíkíróweefù (ìgbì tí ojú kò lè rí) dípò ìmọ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ka eruku sí.

Láti tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe, ẹ wọn ẹrù 3 ó kéré tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi iye tó wà lójú ẹ̀rọ pín iye tí òṣùwọ̀n kọ. Bí ẹ̀rọ bá kọ 1,800, tí òṣùwọ̀n sì kọ 2,000, 1.11 ni ẹ ó tẹ̀ sínú rẹ̀, kì í ṣe 1.10, àṣìṣe yìí pọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀. Bí irú òwú bá yí padà, ẹ tún un ṣe, torí kóró òwú kan tóbi ju ti òmíràn lọ. Òwú tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ náà ń tan ẹ̀rọ jẹ: ó wúwo sí i, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń dí ìmọ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ má sì gbàgbé pé òwú pẹ̀lú kóró là ń wọ̀n. Nínú kìlò 100, bíi 35 sí 40 ni òwú gan-an.

Bí ẹ̀rọ onílà 6 bá ń já ìlà 4 létí oko, ẹ sọ fún síkírìnì; àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta ìkórè ibẹ̀ á di àwátì lórí máàpù. Bí etí máàpù bá rí bí eyín ayùn, ìṣẹ́jú àáyá tí òwú fi ń rìn láti orí igi dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń tanná àti èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lára páìpù) ni a kò tẹ̀ sínú rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Bí páìpù kan bá ń kọ òdo nígbà tí àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́, ẹ má tíì ra sẹ́ńsọ̀ tuntun. Ẹ wo wáyà kọ́kọ́, torí ẹ̀rọ máa ń gbọ̀n, irin á sì máa bó o. Bí wáyà bá dáa, ẹ gbé sẹ́ńsọ̀ náà lọ sórí páìpù mìíràn. Bí òdo bá tẹ̀ lé e débẹ̀, ó ti kú nìyẹn.