Standard deduction àbí itemized: èwo ló ń gbe oníbàárà?

Ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ owó orí ní Amẹ́ríkà kò ní pẹ́ bá ìbéèrè yìí pàdé. Deduction ni iye tí a máa ń yọ kúrò nínú owó tó wọlé kí a tó ṣírò owó orí. Standard deduction kò ní wàhálà: ìjọba àpapọ̀ ti la iye rẹ̀ sílẹ̀, kò sì béèrè rìsíìtì kankan. Fún owó tó wọlé ní 2024, $14,600 ni ti àpọ́n, $29,200 sì ni ti tọkọtaya tó jọ fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́.

Itemized ni kí èèyàn to àwọn ìnáwó tí òfin gbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Schedule A la ti ń kọ ọ́, ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò ti ń mú èèyàn. Ẹ wo àpọ́n kan tí AGI rẹ̀ (owó tó wọlé lẹ́yìn àwọn àyọkúrò kan) jẹ́ $60,000. Ó ná $5,000 sórí ìtọ́jú ara, ṣùgbọ́n kìkì ohun tó bá lé ní ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún AGI la máa kà, ìyẹn $500. Owó orí ìpínlẹ̀ àti ti ilé rẹ̀ jẹ́ $12,300. $10,000 péré ni òfin gbà lọ́dún náà. Èlé orí gbèsè ilé, $3,600. Ọrẹ ìjọ, $1,000. Gbogbo rẹ̀ wá di $15,100, itemized sì fi $500 borí.

Ẹ má tíì yọ̀ o. Bí ó bá ti pé ọmọ ọdún 65, standard deduction rẹ̀ di $16,550, ìdáhùn yí padà nìyẹn! Ọjọ́ orí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Tọkọtaya tó bá sì fi fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ránṣẹ́, bí ọ̀kan bá mú itemized, èkejì ò lè mú standard. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà tí IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, ṣì kà sí nonresident alien (àjèjì tí òfin owó orí kò tíì kà sí olùgbé), 1040-NR ni fọ́ọ̀mù tirẹ̀, kò sì ní ẹ̀tọ́ sí standard deduction rárá.