Ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lédè Yorùbá: ṣé ó ṣì yẹ ní rírà?

Ó yẹ, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń lọ nílùú ẹ̀. Ìròyìn Abuja ti wà lórí fóònù kílẹ̀ tó mọ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, oyè baálẹ̀ tó di ìjà, afárá tó já lọ́nà oko: bí ìwé bí Aláròyé kò bá gbé e, ta ni yóò gbé e? BBC News Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018, ń ṣiṣẹ́ gidi, àmọ́ kò lè jókòó sí gbogbo kóòtù ìbílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìwé ìròyìn Yorùbá ti jẹ́ ti ará ìlú: Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá, tó jáde l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1859, ti fi orúkọ ẹ̀ sọ àwọn tí wọ́n ń kọ ọ́ fún.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi àkọlé gàdàgbà iwájú sílẹ̀. Ẹ ṣí àárín ìwé, kẹ́ ẹ wá ìròyìn kóòtù kan. Bó bá jẹ́ "alukoro ọlọ́pàá sọ pé" látòkèdélẹ̀, àtẹ̀jáde ni wọ́n dà kọ. Bẹ́ ẹ bá rí orúkọ àdúgbò, ọ̀rọ̀ olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́, àti ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí, akọ̀ròyìn débẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye ìjọba ìbílẹ̀ tó wọ inú ìwé náà. 137 ló wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá. Ìwé tí kò kúrò n'Íkẹjà àti Ìbàdàn kò tíì ṣe tó.

Àléébù tó ń dùn mí jù ni àìfi àmì sórí ọ̀rọ̀. "Ija ogun" lójú ìwé: ṣé ogun ni àbí ogún bàbá wọn? Ó di ìgbà téèyàn bá kà á délẹ̀.

Àyè náà kò tó. Abala bébà kan tí wọ́n bá ká, ojú ìwé mẹ́rin ló ń dà. Ìwé olójú-ewé 24 kò lè di 25. Bí ìpolówó òkú kò bá san owó ojú ìwé mẹ́rin tó máa lé sí i, ìròyìn ìgbèríko ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé. Bébà ọ̀hún sì rèé, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á láti òkèèrè, torí iléeṣẹ́ bébà Oku Iboku ti dákẹ́ tipẹ́.

Ẹ̀dà PDF orí WhatsApp ló lè gba iṣẹ́ yìí là, bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan ń rà á, ọgọ́rùn-ún èèyàn ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àwọn tó ń tà á tẹ nọ́ńbà oníbàárà sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì ya ojú ìwé méjì sọ́tọ̀ fún ìpínlẹ̀ oníbàárà náà. Èmi á sanwó ìyẹn lóṣooṣù.