Seamly2D, Inkscape, Illustrator, CLO: èwo ló tọ́ fún aránṣọ tó fẹ́ wọn ìlà tó tẹ̀?

Ẹ̀yin aránṣọ wa ní Kábbà, Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀ tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya pátánì lórí kọ̀ǹpútà, ẹ má tíì béèrè iye tí wọ́n ń ta ètò kọ̀ǹpútà (software) kankan. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ètò náà lè fi ààmì tí a fi ń mú ẹ̀yà aṣọ méjì pàdé nígbà ìrán sórí ìlà tó tẹ̀, ní ìwọ̀n tí ẹ sọ gan-an, láìsí pé ẹ ń fojú díwọ̀n. Ìlà tó gún kò ṣòro fún ètò kankan. Ihò apá, ọrùn, orí ọwọ́ gáùn (ibi tí ọwọ́ ti so mọ́ ihò apá) àti ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì bìrìkìtì ni wàhálà wà.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ ya òbíríkítí kan tí àárín rẹ̀ sí etí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ sì mú ìdá kan nínú mẹ́rin etí rẹ̀. Gígùn ibẹ̀ jẹ́ 15.7. Bí ẹ bá gbé rúlà lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, 14.1 ni rúlà máa sọ. Sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ ó lé ti sọnù lórí ìlà kékeré kan, ó sì tó láti mú kí ọwọ́ aṣọ yí sẹ́yìn lára ẹni tó wọ̀ ọ́.

Lórí bébà, téèpù yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé ìlà. Ẹni tó jẹ́ pé bùbá àti ṣòkòtò ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò ju ìyẹn lọ, nítorí ọwọ́ bùbá gún, kò sí orí ọwọ́ tó tẹ̀ níbẹ̀. Kí ó fi owó rẹ̀ ra maṣíìnì tó dára. Gáùn, kóòtù àti bùláúsì tó fara mọ́ni ló ń béèrè kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká wá fi wọ́n wéra.

Inkscape kò gba kọ́bọ̀, àwọn tó ń ya àwòrán sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń sọ gígùn ìlà fún yín láìṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó fi ojú kan (ìyẹn ibi kan pàtó tí a sàmì sí lórí ìlà) sí àárín ìlà, ẹ ṣọ́ra: àárín ìṣirò tó fi ya ìlà náà ló ń lò, kì í ṣe àárín gígùn rẹ̀. Lórí ìlà tó tẹ̀ púpọ̀ ní apá kan, àwọn méjèèjì kò ní pàdé. Ọ̀nà tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé níbẹ̀ ni ìlà onígégé, ìyẹn ìlà tí a gé sí wẹ́wẹ́ tí àlàfo wà láàárín wọn. Ẹ sọ ìlà náà di mìlímítà 1 ní ìbú, kí ẹ wá kọ 1 (fún gígùn ààmì) àti 74 (fún àlàfo) sí ibi tí a ti ń ṣètò ìgékúrò. Ààmì kan yóò máa jáde ní gbogbo mìlímítà 75, bí ó ti wù kí ìlà náà tẹ̀ tó. Ẹ̀yin fúnra yín ni yóò wá fi ojú sí ibi tí ààmì náà wà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ péye.

Illustrator ń ṣe irú onígégé yìí pẹ̀lú, ó tún rọrùn díẹ̀, nítorí mìlímítà ni ẹ máa kọ tààrà. Àmọ́ bọ́tìnnì kékeré méjì wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń pa ìwọ̀n tí ẹ kọ mọ́. Èkejì ń fa ààmì gùn tàbí kó sún un kì kí ó lè bá òpin ìlà mu. Bí ti èkejì bá wà ní títẹ̀, ààmì yín ti di irọ́, kò sì ní sọ fún yín. Owó ètò yìí ń lọ lóṣooṣù, ó sì máa ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè rí i pé ẹ ṣì ń sanwó. Ẹni tó ń fi ṣe káàdì ìgbéyàwó tẹ́lẹ̀ lè máa fi ya pátánì. Èmi kò ní gba aránṣọ kankan nímọ̀ràn láti tìtorí pátánì nìkan máa sanwó rẹ̀.

Seamly2D àti Valentina jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, torí láti ara Valentina ni Seamly2D ti ya. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì, pátánì ni wọ́n sì ṣe wọ́n fún. Irinṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń gé ìlà tó tẹ̀ sí méjì: ẹ tẹ ìlà, ẹ kọ ìwọ̀n, ojú tuntun yóò jáde ní ibẹ̀ gan-an. Ẹ kò tilẹ̀ ní láti kọ nọ́ńbà. Bí ìlà náà bá lọ láti ojú tó ń jẹ́ A3 dé ojú tó ń jẹ́ A8, ẹ lè kọ Spl_A3_A8/3, yóò sì fi ojú sí ìdá mẹ́ta rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ló ti ń kà, nítorí náà ẹ mọ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà á.

Ìdí tí mo fi fi èyí ṣáájú ni pé fáìlì ìwọ̀n oníbàárà dá dúró, pátánì dá dúró. Nígbà tí wọ́n bá kó aṣọ ẹbí ìyàwó wá, tí ìyá, àbúrò àti àwọn ọ̀rẹ́ ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kàn máa pààrọ̀ fáìlì ìwọ̀n, gbogbo ààmì á sì sún ara wọn sí ibi tó yẹ. Inkscape àti Illustrator kò lè ṣe ìyẹn. Ẹ ó tún ìṣirò ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

CLO ló lẹ́wà jù láti wò. Ẹ ó rí aṣọ lára ẹ̀dá inú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó gé e, ẹ lè kọ jíjìnnà ààmì sí orí ìlà, ó sì ń fi hàn bí ojú ìrán méjì kò bá gùn dọ́gba. Ó ń gba owó, ó sì ń fẹ́ kọ̀ǹpútà alágbára, èyí tó máa ń tètè jẹ bátìrì. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, mo rò pé ẹni tó ń rán aṣọ fún oníbàárà òkè òkun nìkan ló lè rí owó rẹ̀ padà. Àwọn ètò ọ̀fẹ́ mẹ́ta tí mo dárúkọ, ẹ lè gbà wọ́n wálẹ̀ ní ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kí ẹ wá máa lò wọ́n nílé láìsí dátà.

Ètò yòówù kí ẹ mú, orí ìlà ìrán (ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà) ni kí ẹ ti wọn, ẹ má ṣe wọn orí ìlà gígé (ibi tí sísọ́ọ̀sì máa gbà). Bí ìlà bá yí ìdá mẹ́rin òbíríkítí, tí àyè ìrán tó wà láàárín àwọn méjèèjì sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.5, ìlà gígé yóò fi 2.36 yàtọ̀ sí ìlà ìrán. Ní ihò apá, ìlà gígé kúrú jù. Ní orí ọwọ́, ó gùn jù. Àṣìṣe méjèèjì ń fà ní ọ̀nà òdì, ààmì tó yẹ kí ó pàdé á wá jìnnà síra fún nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4.7. Àti pé orí ọwọ́ tilẹ̀ máa ń gùn ju ihò apá lọ díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, kí ejìká lè rí àyè. Seamly2D ń fi àyè ìrán sí i níkẹyìn, ó sì ń gbé ààmì jáde sí etí fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ra pátánì PDF tó ní ìlà gígé nìkan, ẹ kọ́kọ́ fi Inkscape ya ìlà ìrán sínú rẹ̀.

Ìtẹ̀wé náà lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 100%, kí ẹ sì wọn àpótí ìdánwò tó wà lórí bébà. Bí àpótí mìlímítà 100 bá di 97, ihò apá sẹ̀ǹtímítà 48 yóò pàdánù 1.44. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ híhun Bùnú tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ wá, kò sí òmíràn lọ́jà tí ẹ ó fi dípò rẹ̀ bí ẹ bá gé e kù.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ta ètò tàbí kọ́ yín, ẹ ní kó ya orí ọwọ́ kan lójú yín, kó fi ààmì sí gbogbo sẹ̀ǹtímítà 3, kó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ̀yin fúnra yín sì fi ẹ̀gbẹ́ téèpù wọ̀n ọ́n.