Káàdì MSHA fún òṣìṣẹ́ kúárì ní Amẹ́ríkà: orí íntánẹ́ẹ̀tì, kíláàsì, àbí kúárì fúnra rẹ̀?

Àjọ MSHA kì í tẹ káàdì fún òṣìṣẹ́ kúárì. Ibẹ̀ ló yẹ kí àgbéyẹ̀wò yìí ti bẹ̀rẹ̀, torí pé bí ẹnì kan bá fẹ́ wa típà, ṣe wẹ́dà tàbí tún ẹ̀rọ ṣe ní kúárì Amẹ́ríkà, ohun tí agbanisíṣẹ́ máa ń sọ fún un ni pé "lọ gba káàdì MSHA kó o tó padà wá", òun náà á sì sáré lọ fowó ra ohun tí orúkọ rẹ̀ bá ti jọ bẹ́ẹ̀. MSHA ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ààbò àti ìlera ní ibi ìwakùsà, òfin ọdún 1977 ló gbé e kalẹ̀. Ohun tí òfin béèrè ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó pé wákàtí, àti ìwé ẹ̀rí tí ẹni tí ilé-iṣẹ́ yín yàn sídìí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ buwọ́ lù. Fún kúárì òkúta, yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti amọ̀ tí wọ́n ń wà lókè ilẹ̀, apá òfin tó kàn wá ni 30 CFR Part 46 (CFR ni àkójọ ìlànà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà), tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2000.

Kẹ́ ẹ tó yọ owó, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà kàn yín rárá. Awakọ̀ tírélà tó kàn wọlé wá gbé òkúta tí oníbàárà rà, tó gun òṣùwọ̀n, tó sì bá títì lọ, òfin kò pè é ní awakùsà. Ìkìlọ̀ nípa ewu kúárì yẹn gan-an ló tọ́ sí i: ibi tí ọkọ̀ ń gbà, ibi tí kò gbọ́dọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ohun tó máa ṣe bí wọ́n bá fẹ́ yin òkúta. Ìkìlọ̀ yìí lè jẹ́ ìwé pélébé, ó lè jẹ́ pátákó lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ló máa sìn ín wọlé. Àmọ́ ẹni tó ń wa típà láti inú kòtò lọ sídìí ẹ̀rọ ìfọ́kúta láti àárọ̀ dalẹ́, awakùsà nìyẹn, òun ló ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 24 tí òfin béèrè fún òṣìṣẹ́ tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni wẹ́dà tàbí mẹkáníìkì tí kọngilá ń rán lọ síbẹ̀ léraléra. Awakọ̀ tó ra ẹ̀kọ́ wákàtí 24 torí òkúta tó ń gbé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti fowó ṣòfò.

Wákàtí 24 yìí kì í ṣe ohun téèyàn ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kéré tán, wákàtí 4 gbọ́dọ̀ ti parí kí òṣìṣẹ́ tuntun tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Inú wákàtí 4 yìí ni wọ́n ti máa mú un rìn yí kúárì ká, tí wọ́n á fi ewu iná mànàmáná àti àwọn ewu mìíràn hàn án, tí wọ́n á sọ ọ̀nà àsálà fún un, ààbò nínú iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé fún un gan-an, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ òfin, ẹni tó láṣẹ lórí rẹ̀, àti bó ṣe máa fi ewu sùn. Kó tó pé ọjọ́ 60, ó gbọ́dọ̀ ti kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, àti lílo ìbòmú níbi tí wọ́n bá ti ń lò ó. Ìyókù gbọ́dọ̀ pé láàárín ọjọ́ 90. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kà á, Sátidé àti Sọ́ńdè sì wà nínú kíkà náà.

Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló pọ̀ jù lọ́jà. Òfin gbà á, bó bá ti jẹ́ irú èyí tó ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè tó sì ń gba ìdáhùn. Fún ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ kúárì bọ̀, tó kàn fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìránnilétí wákàtí 8 tí òfin béèrè lọ́dọọdún, èyí tó dáa nínú wọn tó owó tí wọ́n ń pè é. Ẹ máa mọ èyí tó dáa: kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fo fídíò, ó ń dá yín dúró bíbéèrè bí apá kọ̀ọ̀kan bá ti parí, ó ń kọ orúkọ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan àti ìṣẹ́jú tó gbà sílẹ̀, ó sì ní olùkọ́ tẹ́ ẹ lè bi ní ìbéèrè tó sì máa dáhùn. Èyí tí kò dáa náà kò ṣòroó mọ̀. Ó kọ "MSHA fọwọ́ sí i" gàdàgbà síwájú. Lábẹ́ Part 46, MSHA kì í fọwọ́ sí olùkọ́ tàbí ẹ̀kọ́ kankan. Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ilé-iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí dá lé. Ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ni pé kó jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, kí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ètò yẹn.

Níbi tí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń já èèyàn kulẹ̀ ni ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tuntun. Ìròyìn kò tó àfojúbà: kò sí fídíò tó lè mú ẹnikẹ́ni rìn yí kúárì tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ká, ìrìn yẹn sì wà nínú ohun tí òfin dárúkọ. Wọ́n tún máa ń tẹ ìwé ẹ̀rí wákàtí 24 tó ní déètì ọjọ́ kan ṣoṣo. Aṣàyẹ̀wò MSHA tó bá rí i kò nílò ẹlẹ́rìí mìíràn. Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Òfin sọ ọ́ pé èdè tó yé òṣìṣẹ́ ni kí wọ́n fi kọ́ ọ. Bàbá tí gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já gaara, tí ọmọ rẹ̀ jókòó tì í tó ń bá a tẹ ìdáhùn, ọmọ ló kẹ́kọ̀ọ́. Bàbá ló sì ń lọ dúró sídìí ẹ̀rọ.

Kíláàsì olójúkojú sinmi lórí olùkọ́ ju ohunkóhun lọ. Ẹ wo ohun tó gbé dání. Bó bá jẹ́ àwòrán ara ògiri nìkan ló ní, ẹ ò pàdánù ohunkóhun bẹ́ ẹ bá jókòó sílé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ tó tó bẹ́ẹ̀ á gbé àgádágodo wá. Á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan pa iná bẹ́líìtì tó ń gbé òkúta, kó fi àgádágodo tirẹ̀ tì í, kó fi orúkọ rẹ̀ kọ́ ọ, kó fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀, lẹ́yìn náà kó tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ láti rí i dájú pé ẹ̀rọ náà kò ní jí. Ibi bọ́tìnnì yìí ni ọ̀pọ̀ kíláàsì ti ń fò kọjá, bẹ́ẹ̀ ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé bẹ́líìtì mìíràn lèèyàn tì pa. Á sọ ìdí tí àgádágodo èèyàn mẹ́ta fi gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta bí èèyàn mẹ́ta bá ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ kan. Á kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa fojú díwọ̀n òkìtì tí wọ́n ń wọ́ sétí ọ̀nà kí ọkọ̀ má bàa ya sí kòtò: ó kéré tán, gíga rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibi tí irin ti gba àárín táyà ọkọ̀ tó tóbi jù tó máa ń gba ọ̀nà náà kọjá. Òjò máa ń fọ̀ ọ́ wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun tó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá sì lè sọ òkìtì tó tó lánàá di èyí tí kò tó lónìí.

Ẹ tún fetí sí ohun tó máa sọ nípa eruku. Eruku òkúta ní sílíkà nínú, àpá tó ń dá sí ẹ̀dọ̀fóró kì í jinná. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, MSHA gbé òfin jáde tó fi òdiwọ̀n rẹ̀ sí 50 máíkírógíráàmù nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, ní ìpíndọ́gba fún wákàtí 8. Wọ́n ti gbé òfin yẹn lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí kò bá tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀, fídíò àtijọ́ ni wọ́n ń tà fún yín. Bí olùkọ́ bá sì ń kọ́ yín ní ìbòmú tí kò sọ fún onírùngbọ̀n pé ìbòmú tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ojú kò ní lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n, ẹ wá ẹlòmíràn lọ.

Lójú tiwa, kò sí èyí tó dà bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí kúárì ń ṣe fúnra rẹ̀, bí kúárì náà bá fọwọ́ gidi mú un. Ìpàdé ààbò kúkúrú tí wọ́n ń ṣe láàárọ̀ wọ inú kíkà, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú tí wọ́n fi kọ́ nǹkan nìkan ni wọ́n lè kà. Ẹ̀fẹ̀ àti ìkíni kò sí níbẹ̀. Ìpàdé oníṣẹ́jú 15 gbọ́dọ̀ tó 32 kó tó pé wákàtí 8. Èyí tó ń bà á jẹ́ ni pé wọn kì í kọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ọdún á fẹ́ parí, wọ́n á kó ìwé 32 sílẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á fi bíírò kan náà buwọ́ lù ú lọ́jọ́ kan náà. Ìwé gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn tó sọ pé ẹni tó bá fi irọ́ jẹ́rìí máa jìyà lábẹ́ òfin, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré.

Ẹ má gbàgbé ọ̀fẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn ìpínlẹ̀ lówó láti fi kọ́ awakùsà, àwọn àjọ ìpínlẹ̀ àti yunifásítì kan sì ń fi ṣe kíláàsì lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó táṣẹ́rẹ́. Lórí ìkànnì MSHA, ohun èlò ẹ̀kọ́ wà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà, Fọ́ọ̀mù 5000-23 tí wọ́n fi ń kọ ìwé ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà wà, kò sì sí èyí tí wọ́n ń gbowó lé. Kọngilá tó ní típà kan tàbí méjì tó ń ṣiṣẹ́ nínú kúárì ló yẹ kó kọ́kọ́ débẹ̀. Ó máa gba nọ́ńbà kọngilá MSHA lọ́fẹ̀ẹ́, ó máa kọ ètò tirẹ̀, ó sì máa yan ẹni tó ń buwọ́ lùwé. Kúárì ló máa fi ewu ibẹ̀ mọ àwọn òṣìṣẹ́ kọngilá náà, ṣùgbọ́n ọrùn kọngilá ni ìyókù wà.

Ohun mìíràn tó ń fa wàhálà ni Part 48. Ibi ìwakùsà èédú, wúrà, bàbà, àti kúárì tó wà lábẹ́ ilẹ̀, Part 48 ló de gbogbo wọn. Níbẹ̀, MSHA ló ń fọwọ́ sí olùkọ́, wákàtí 40 sì ni òṣìṣẹ́ tuntun abẹ́ ilẹ̀ máa ṣe. Ẹni tó ra Part 46 tó wá lọ sí irú ibẹ̀, ẹnubodè ni wọ́n máa ti dá a padà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó: "46 ni àbí 48?"

Tó bá kan ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìránnilétí ọdọọdún, wákàtí 8 ni láàárín oṣù 12, ó sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ohun tó yí padà ní kúárì yín tó lè dá ewu sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò lè mọ̀ pé wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìfọ́kúta yín kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti ṣe wákàtí 24, tó sì ti kó oṣù 12 iṣẹ́ jọ, onírìírí ni títí ayé. Oṣù 12 náà kò ní láti tẹ̀ léra, iṣẹ́ tó jọ ọ́ bíi wíwa katapílà tàbí típà sì lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé oṣù 12, wákàtí 24 tó ti ṣe ṣì gbéṣẹ́ bó bá rí iṣẹ́ tuntun láàárín oṣù 36. Síbẹ̀, kúárì tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un rìn yíká.

Owó ńkọ́? Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, àárín àkókò iṣẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ, owó iṣẹ́ rẹ̀ á sì pé. Bí wọ́n bá rán an lọ síbòmíràn, owó ọkọ̀, oúnjẹ àti ibùsùn wà lọ́rùn agbanisíṣẹ́. Aṣàyẹ̀wò tó bá rí òṣìṣẹ́ tí kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láṣẹ láti lé e jáde lábẹ́ abala 104(g) òfin ọdún 1977 yẹn títí ó fi máa gbà á, agbanisíṣẹ́ kò sì lè já owó ọjọ́ yẹn lórí rẹ̀.

Ẹ wo ìwé náà dáadáa kẹ́ ẹ tó gbà á: orúkọ yín lódindi, irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́, iye wákàtí, déètì, orúkọ olùkọ́, ibi tó ti wáyé, orúkọ àti nọ́ńbà kúárì tàbí kọngilá, àti ìbuwọ́lùwé. Àyè ìbuwọ́lùwé tó ṣófo ló máa ń pọ̀ jù lórí èyí tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ béèrè fún ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ fi dù yín. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́, torí ọjọ́ 60 péré lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kúrò ni òfin ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ mọ.