Mo Sanwó Láti Kọ́ Bí A Ṣe Ń Ní Kí Aláìsàn Máa Rìn

₦5,500 ni mo san fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méjì yìí ní Adó-Èkìtì, láìka owó ọ̀kadà mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀kadà ni mo gùn lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ mi bí n ó ṣe máa ní kí ẹlòmíràn rìn. Láti ìhà Fájuyì tí mo ń gbé dé gbọ̀ngàn náà kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n mo ti pẹ́, òkè sì ni gbogbo ọ̀nà.

Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Bí ẹ bá jí mi lóru, mo lè ka oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi mẹ́jọ fún yín, pẹ̀lú bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ibi tó ti lè pa ara lára. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n sọ fún màmá ọlọ́jà kan bí yóò ṣe máa lo ara rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀, ohun tí mo ní lẹ́nu kò ju "ẹ máa ṣe eré ìdárayá" lọ. Ìgbà tí aláìsàn bá ti dìde, tó ti ń wá bàtà rẹ̀, la máa ń sọ ọ́. Ìdí tí mo fi sanwó nìyẹn.

Àwọn méjì ló kọ́ wa: dókítà kan tó ń ṣe ìlera àwùjọ, àti fisiọ obìnrin kan, ìyẹn onímọ̀ tó ń fi ìlò ara wo aláìsàn, tí gbogbo wa ń pè ní Anti Fisiọ. A tó ogójì.

Ìtàn ni Dókítà fi bẹ̀rẹ̀, ó sì dùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ní 1953, dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìṣègùn Lancet lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ti London. Dírẹ́bà ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Kọ̀ndọ́ ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò láti gba owó ọkọ̀. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà, àrùn ọkàn sì ń mú dírẹ́bà ju kọ̀ndọ́ lọ. Ẹnì kan nínú wa ní, "Sà, bóyá àwọn dírẹ́bà ti sanra kí wọ́n tó gbà wọ́n síṣẹ́ ńkọ́?" Inú Dókítà dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ó ní àwọn náà bi ara wọn léèrè: nígbà tó di 1956 wọ́n lọ wo ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò iṣẹ́ tí wọ́n rán fún àwọn èèyàn náà, ti dírẹ́bà sì fẹ̀ ju ti kọ̀ndọ́ lọ, títí kan àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Èmi ò mọ̀ pé ṣòkòtò lè jẹ́rìí nínú ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Apá yìí nìkan tó ₦2,000 nínú owó mi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Odindi wákàtí mẹ́rin la fi jókòó gbọ́ pé ìjókòó pípẹ́ kò dára. Kò sí ìgbà kankan tí wọ́n ní ká dìde nà ara. Nígbà tí wọ́n sì gbé ìpápánu dé, mítí-páì àti mínírà tútù ni. Mo jẹ ẹ́, ebi ń pa mí.

Ibi tí mo ti bínú díẹ̀ ni sìláìdì wọn. Wọ́n ka ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé bó ṣe yẹ: kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lo ara níwọ̀nba láàárín ọ̀sẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 bó bá jẹ́ èyí tó le, kí ó fi ọjọ́ méjì, ó kéré tán, ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára, kí ẹni tó ti pé 65 sì fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe èyí tí kò ní jẹ́ kó máa ṣubú. Ó dára. Ìlà tó tẹ̀ lé e wá ní ìrìn tí kò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan kò sí nínú ìṣirò. Èyí àtijọ́ nìyẹn! Ìlànà tí Àjọ náà gbé jáde ní 2020 ti yọ ọ́ kúrò, kékeré àti ńlá ni wọ́n ń kà báyìí. Mo nawọ́, mo sọ ọ́. Dókítà wo fóònù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó jàre," ó sì pa ìlà náà rẹ́ lójú gbogbo wa. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn. Ẹ má rò pé mo kàn ń wá àṣìṣe kiri o. Obìnrin tó ń ta ata ní Ọjà Ọba kò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí yóò fi fi àtẹ sílẹ̀. Mẹ́ta ló ní láti lọ wá ṣéńjì, mẹ́rin láti lọ gbé apẹ̀rẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé gbogbo ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan?

Lọ́sàn-án, wọ́n kó wa jáde lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Anti Fisiọ ní ká máa gun òkè náà, ká sì máa sọ̀rọ̀. Bí o bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí o ò lè kọrin, o wà níbi tó yẹ. Bí o bá lè kọrin, ìgbafẹ́ lò ń ṣe. Bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta bá ti ń gba ẹ̀mí lẹ́nu rẹ, ìyẹn ti le. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní òun ó fi hàn wá. Ìlà kìíní jáde dáadáa. Ní ìlà kejì, ó ní "Jé," ó dúró, ó mí, ó wá ní "sù." A rẹ́rìn-ín títí. N kò sì ní gbàgbé òṣùwọ̀n yẹn mọ́ láyé, kò gba aago, kò gba ẹ̀rọ.

Ọjọ́ kejì ni owó mi jèrè. Wọ́n pe àwọn àgbàlagbà mélòó kan láti àdúgbò, a pín ara wa ní mẹ́rin mẹ́rin, ìbéèrè méjì sì ni wọ́n fún wa láti bi olúkúlùkù: ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo ara, ìṣẹ́jú mélòó lọ́jọ́ kan. A ó fi èkíní sọ èkejì di púpọ̀, a ó wò ó bóyá ó tó 150. Bàbá kan tó ní àtọ̀gbẹ, àgbẹ̀ ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, ló bọ́ sí wa lọ́wọ́. Èmi ni mo sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá, ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ lẹ máa ń ṣe eré ìdárayá?"

Bàbá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Eré? Èmi? Àwọn ọmọ ọmọ mi ló ń ṣeré." Ó ní uṣẹ́ lòun ń ṣe ní tòun. Uṣẹ́ ló pè é, bí àwọn àgbà Èkìtì ṣe ń pè é. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fọwọ́ bo ẹnu.

Mo yí i padà, mo bi í léèrè nípa ìrìn. Ó ní tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ lòun fi ń lọ oko, ṣùgbọ́n ọmọ òun ló ń fi ọ̀kadà gbé òun báyìí, látìgbà tí wọ́n ti rí àtọ̀gbẹ lára òun. Ta ló ní kí ẹ má rìn mọ́ sà? "Gbogbo ayé," ó ní. "Wọ́n ní kí n sinmi."

Àyè mi yọ. Mo là á yé e pé ìsinmi yẹn gan-an ló ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, mo ní kí ó máa rìn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Bàbá mi orí pé ó yé òun. Mo wo Anti Fisiọ bí ọmọ tó fẹ́ gba ìyìn.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bọ́ bàtà yín."

Bàtà oníke ni. Lábẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún, egbò kan wà níbẹ̀ tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan, etí rẹ̀ funfun, òwú ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá tẹ̀ wò ó bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. "Kò dùn mí," ó ní. Bó bá dùn ún ni, ì bá ti rí i. Àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹsẹ̀ náà má mọ ìrora mọ́, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Anti Fisiọ kò bú mi. Ó wẹ egbò náà, ó dì í, ó rí i pé Bàbá lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Kí ó tó lọ, ó kọ́ ọ ní èyí tó lè ṣe lórí àga títí egbò yóò fi jinná: gbígbé ike omi sókè sódò, nína orúnkún. Ó tún bi í léèrè oògùn tó ń lò àti ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, torí oògùn mìíràn wà tí ṣúgà lè fi já wálẹ̀ lójijì béèyàn bá lo ara láìjẹun. Gbogbo ìwọ̀nyí wà nínú ìwé tí wọ́n fún wa. Mo ti kà á lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe ni ọ̀rọ̀ èdè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa látòkè délẹ̀, ìbéèrè méjèèjì pẹ̀lú, wọ́n wá fi wá síwájú Bàbá kí olúkúlùkù máa túmọ̀ bó ṣe mọ̀. "Eré ìdárayá" kò bá àgbà mu, eré ló gbọ́. Nígbà tó kan màmá tó tẹ̀ lé e, mo fi ìwé sílẹ̀, mo ní, "Màmá, kí lẹ máa ń ṣe tí èémí yín fi máa ń yára, tí ara yín fi máa ń gbóná?" Ọ̀rọ̀ dé! Ó ka omi pípọn, ó ka igi ṣíṣẹ́, ó ka iyán gígún. Mo ti ń fi ayọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlẹgbẹ́ mi tó bi í pé ta ló ń gún iyán náà báyìí. Màmá rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ti ra ẹ̀rọ fún un látọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Méje nínú mẹ́wàá ni mo fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ọdún kẹrin sókè, ẹ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì wọ wọ́ọ̀dù rí, ẹ fi owó yín pamọ́ ná, ọjọ́ kejì kò ní yé yín. Ẹ gbé omi lọ́wọ́, ẹ wọ bàtà tó ṣeé gun òkè. Ní ti sẹ̀tífíkéètì, wọ́n ti fún mi, ṣùgbọ́n wọ́n ṣi orúkọ mi kọ, wọ́n ní kí n mú u padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ni n ó fi lọ.