Dẹ́sítọ́ọ̀pù tuntun: ká rà á lọ́jọ́ tó jáde àbí ká dúró díẹ̀?
Ẹni tó bá rà á lọ́jọ́ tó jáde ló máa kọ́kọ́ gbádùn ẹ̀, òun náà ló máa kọ́kọ́ jìyà ẹ̀. Ẹ wo iMac 27-inch, kọ̀ǹpútà dẹ́sítọ́ọ̀pù tí Apple ṣe ní 2009, àwọn kan ṣí páálí báyìí, gíláàsì ti sán, tàwọn míì ń ṣẹ́jú, ìsàlẹ̀ skríìnì wá ṣe yẹ́lò. Apple III, kọ̀ǹpútà wọn ti 1980, tiẹ̀ burú jùyẹn lọ, ó máa ń gbóná débi pé chip, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú ẹ̀, á fẹ́ yọ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, Apple sì pààrọ̀ nǹkan bí 14,000 lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tó ní sùúrù di ìparí 1981 ra èyí tí wọ́n ti tún ṣe, àwọn kan ò kàn ní kà á mọ́ kọ́sítọ́mà gidi ni (bíi pé kéèyàn jẹ́ kọ́sítọ́mà gidi ló ń mú kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́!). Ní tèmi o, màá dúró ní jẹ́ẹ́jẹ́ mi, àmọ́ kọ́ńpìnnì tó bá pààrọ̀ ẹ̀ láìjiyàn ṣì máa rí owó mi gbà.