MuseScore Studio 4 fún ẹgbẹ́ afunfèrè iléèwé: ó dára, àmọ́ ẹ má fi ohùn rẹ̀ ṣe òdiwọ̀n

Ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ nóòtì orin sílẹ̀, tó sì ń kọ orin náà jáde fún wa láti gbọ́, ni MuseScore. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Ohun tó wúlò jù níbẹ̀ fún orin àwọn ọmọdé ni àwọ̀ tó fi ń kìlọ̀: nóòtì tó bá ju agbára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ á di yẹ́lò, èyí tó bá ju ti ọ̀gá pàápàá lọ á di pupa.

Àmọ́ àwọ̀ yẹn kò mọ gbogbo nǹkan. Ẹ wo clarinet: láti nóòtì A inú àlàfo kejì bọ́ sí B orí ìlà àárín, ìgbésẹ̀ kan péré ni lójú ìwé. Lọ́wọ́ ọmọ, ìka díẹ̀ ni A ń lò. B ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí gbogbo ihò dí pinpin lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ geere, fèrè ọmọ á han goooro. Bẹ́ẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà kì í mí! Ẹ fi ààyè èémí sílẹ̀ fún trumpet fúnra yín.

Kí ẹ tó tẹ̀wé, ẹ yẹ bọ́tìnnì Concert Pitch wò; bó bá wà ní títàn, ohùn gidi tó ń jáde ló ń kọ sójú ìwé, kì í ṣe nóòtì tí afunfèrè yẹ kó kà. Bí ẹ bá fún trumpet B♭ ní ìwé tí wọ́n tẹ̀ nígbà tó wà ní títàn, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀ ní odidi ìgbésẹ̀ kan sí ti flute; ti alto saxophone burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fi Ctrl+M sàmì ìdánrawò (rehearsal mark) A, B, C sórí orin. Òun ló ń gé ìsinmi gígùn sí wẹ́wẹ́, kí ọmọ tó ń ka báà 32 má baà sọnù.